Èso Mẹ́ta ti Kannakánná

“Ó ku mẹ́ta,” ni pátákó wí.

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú apẹ̀rẹ̀ lórí, ewé gbígbẹ nínú irun mi, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lórí àkàbà. Mo ní kí ló wí. Ó tún un wí pẹ̀lú ohùn kan náà, ohùn obìnrin tí kò bímọ rí tí kò sì sìnkú rí: èso ọ̀ọ́dúnrún ó lé mọ́kànlá ló wà lórí igi nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ká a níjẹta, ọ̀ọ́dúnrún ó lé mẹ́jọ ló ti wá sílẹ̀, mẹ́ta ṣì wà lókè. Nítorí náà, iṣẹ́ kò tíì parí. Ìlà ọ̀rọ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ kò yí àwọ̀ padà. Ó pọ́n bí ìyeyè lára ògiri funfun.

Mo sọ fún un pé orí rẹ̀ kò pé. Ó ní òun kò ní orí. Òtítọ́ kúkú ni.

“Mẹ́ta yẹn, ti ẹyẹ ni,” mo ní. “N kò gbàgbé wọn. Ńṣe ni mo fi wọ́n sílẹ̀.”

“Ó ku mẹ́ta,” ni pátákó wí.

Mo gbé apẹ̀rẹ̀ sọ̀, mo jókòó lé ẹnu àtẹ̀gùn, mo ń wo òkun. Kò sí ẹni tí mo lè fi ẹjọ́ rẹ̀ sùn. Ilé mẹ́rìnlélógún ló wà ní erékùṣù Somido, ẹyọ kan ṣoṣo ló ní èèyàn nínú, èmi sì ni èèyàn náà. Àwọn yòókù, ìjọba ti lẹ̀ wọ́n pa. Wọ́n fi nǹkan funfun kan bí ọ̀dà bo ilẹ̀kùn wọn, wọ́n fi bo fèrèsé wọn, gbogbo wọn wá tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè bí eyín tí kò sí nínú ẹnu ẹnikẹ́ni. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, kò sí ilẹ̀kùn tó máa gbá. Bí ó bá di àárọ̀, kò sí ẹni tó máa wúkọ́. Nígbà mìíràn, èmi fúnra mi máa ń wúkọ́ láìsí ikọ́ lọ́fun mi, kí ó lè jọ pé abúlé jí.

Oṣù mẹ́rìnlá ni mo ti dá wà báyẹn. Obìnrin tí mo wá tọ́jú, Halimoni Okubun, kú lẹ́ni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún. Halimoni, ìyá àgbà nìyẹn lédè Kòríà. Gbogbo ọmọ rẹ̀ ló ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ní orílẹ̀-èdè yìí lónìí, ẹni tó bá kú láìní ọmọ láyé, iṣẹ́ tó wà lọ́kàn rẹ̀ kò bá a kú. Pátákó tí ìjọba kàn mọ́ ògiri ti gba gbogbo rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ kó tó dákẹ́. Ẹni tó bá kẹ́yìn nínú ilé ni yóò ṣe é, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn, kí wọ́n tó lẹ ilé pa, kí ẹ̀gbà irin tí ìjọba ti dè mọ́ ọn lọ́wọ́ láti ọjọ́ tó ti dé sì tó ṣí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ òfin yìí, mo ní ó sàn ju tiwa lọ, níbi tí òkú kò tíì tutù tí wọ́n á ti máa ja ìjà ilẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹnu mi yá. Ẹnu mi máa ń yá.

Ìlà ogóje ni Halimoni sọ kalẹ̀. Ogóje.

Ẹnu Halimoni ni mo ti gbọ́ èdè wọn, lára ìlà wọ̀nyẹn ni mo sì ti mọ bí wọ́n ṣe ń hun ún. Kò sí olùkọ́ kan tó lè dìde lónìí pé òun ló kọ́ mi. Mo rí i pé bí àwọn èèyàn yìí bá fẹ́ sọ ìṣe di orúkọ, ìdí ọ̀rọ̀ ni wọ́n máa ń so ó mọ́. Bí wọ́n bá so “gi” mọ́ ọn, iṣẹ́ tó ń dúró dè ọ́ ni: fífọ̀ tí a kò tíì fọ̀, ríro tí a kò tíì ro. Gbogbo ogóje ìlà ló parí sí “gi”, gbogbo wọn ló sì pọ́n. Bí o bá ṣe é tán, o ó gé “gi” sọ nù, o ó wá pa ètè dé, “mu”, bí ẹni tó gbé nǹkan mì. Ìṣe náà ti wáyé nìyẹn, ó ti di ẹrù tí a lè gbé kalẹ̀. O ó dúró níwájú pátákó, o ó pè é bẹ́ẹ̀, eṣinṣin ìjọba, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò tẹ̀ lé ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ, á ti rí i pé o kò purọ́, ìlà á sì funfun.

Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Àwa máa ń kan ilẹ̀kùn kí ọ̀rọ̀ tó wọlé: lọ, lílọ, jẹ, jíjẹ, kú, kíkú. Ìyá mi ti ń sọ̀rọ̀ lílọ mi ní ọdún méjì kí n tó lọ. Nígbà tí mo lọ tán, ó ṣì ń sọ̀rọ̀ lílọ mi. Ọ̀rọ̀ kan náà ló fi ń sunkún méjèèjì.

Mo ṣe ìlà wọn. Mo fọ ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀wà tó ti wà níbẹ̀ láti ayé ọkọ rẹ̀. Mo tún òrùlé ilé adìyẹ ṣe, bẹ́ẹ̀ adìyẹ kankan kò sí. Ìlà kan wà tó ní kí n bẹ Sunja, kí n ní kó má bínú. Sunja ti kú kí n tó dé erékùṣù náà. Mo gun òkè lọ síbi sàréè rẹ̀, mo kúnlẹ̀ nínú koríko tó ti bò ó, mo ní, “Sunja, Okubun ní kí o má bínú.” N kò mọ ohun tí Okubun ṣe fún un títí di òní. Eṣinṣin dúró lójú òfuurufú, ó ń wò mí. Nígbà tí mo délé tí mo pè é, ìlà náà funfun.

Ìlà kan sì wà tí funfun kì í pẹ́ lára rẹ̀. “Ibidun bapu mokgi.” Jíjẹun Ìbídùn, èmi nìyẹn. Gbogbo àárọ̀ ni ó máa ń pọ́n padà. Halimoni ló sọ fún pátákó pé kí ó máa ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú oṣù mẹ́rìnlá yìí, àwọn ọjọ́ kan wà tí kò sí nǹkan mìíràn tó gbé mi kúrò lórí ẹní ju ìlà pípọ́n yẹn lọ. Mo máa ń bú u. Mo máa ń dìde, mo máa ń jẹun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mò ń sọ yìí, ìlà méjì péré ló kù: jíjẹun mi, àti “gam tagi”, kíká èso gam. Ẹni tí kò bá rí gam rí, kí ó fọkàn sí àgbálùmọ̀ tí kò lẹ̀ mọ́ ètè. Igi kan ṣoṣo ló wà lẹ́yìn ilé. Ọdún kan ló máa ń so, á sinmi lọ́dún kejì. Èṣí, ó sinmi. Ìdí nìyí tí ìlà yẹn fi kẹ́yìn gbogbo ìlà. Ọjọ́ náà sì ni ọkọ̀ ń bọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni ọkọ̀ tó ń kó àwọn tó bá ti parí iṣẹ́ máa ń yà sí Somido. Kò ní awakọ̀, kì í dúró de ẹnikẹ́ni, bí wákàtí rẹ̀ bá pé á lọ.

Kí n tó gun igi láàárọ̀ ni Tẹniọlá ti pè mí. Ọmọ mi ni. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí mo fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n mi, Mojíbádé, ní Ìlárá. Ó ti pé ogún ọdún báyìí, ó lóyún, oyún náà sì ti wọ oṣù kẹsàn-án. Ó kí mi bí wọ́n ṣe ń kí ìyàwó pásítọ̀. Ó ní ẹ káàárọ̀ mà, ó ní ẹ kú iṣẹ́ mà. Mo béèrè bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe wú tó, ó ní kò burú mà. Òru ṣì ni lọ́dọ̀ wọn. Mo gbọ́ tí àkùkọ kọ lẹ́yìn rẹ̀, àkùkọ Ìlárá, ọkàn mi sì gbọgbẹ́.

“Màmi,” ó ní, “ta ló máa wẹ ọmọ fún mi?”

Mo ní èmi ni.

“Màmá Mojíbádé ní kí n má fọkàn sí i.”

Mo ní kí ó sọ fún Màmá Mojíbádé pé kí ó gbé omi kaná.

Òun ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ. Bí pátákó bá funfun lónìí, màá wẹ ọmọ ọmọ mi. Bí kò bá funfun, ó di àmọ́dún, ọmọ á ti máa rìn, ẹlòmíràn á ti na ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹlòmíràn á ti tẹ orí rẹ̀. Èmi á sì jókòó sí Somido, màá máa wúkọ́ fún abúlé.

Ọ̀gbẹ́ni Pyo dé nígbà tí oòrùn gun òrùlé. Òun ni òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń lẹ ilé pa. Ọkùnrin ẹni ọdún márùndínlọ́gọ́ta ni, awò ojú rẹ̀ nípọn, kóòtù rẹ̀ gùn dé ọrùn ẹsẹ̀, ó sì ń tiro díẹ̀. Ó bá ọkọ̀ wá, ṣùgbọ́n kò ní bá a padà. Ó máa sùn sí erékùṣù, kí àwọn ẹ̀rọ tó ń gbé ọ̀dà wá bá a láàárọ̀ ọ̀la.

“O pẹ́,” mo sọ fún un.

Ojú rẹ̀ yí díẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀bi mi. Ọdún mẹ́wàá gbáko, Halimoni nìkan ló ń bá mi sọ̀rọ̀, bí àgbà ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀ ló sì ń bá mi sọ ọ́. Ohun tí mo gbọ́ ni mo kọ́. N kò mọ̀ pé èdè wọn ní “ẹ” bíi tiwa, tó tilẹ̀ ju tiwa lọ, títí di ọjọ́ tí mo pàṣẹ fún ọ̀gá ọlọ́pàá etíkun kan pé kó bọ́ bàtà rẹ̀, kó jókòó, kó nu imú. Mo ti mọ̀ báyìí o. Ṣùgbọ́n bí ọ̀rọ̀ bá ti ń gbóná, èdè ìyá àgbà ló máa ń jáde.

Pyo yẹ pátákó wò. “Ajumoni,” ó ní, orúkọ tí wọ́n fi ń pe obìnrin tí kì í ṣe ẹbí ẹni, “ìlà méjì ṣì pọ́n. Ẹ jẹ́ ká mú èyí tó rọrùn. Ẹ jẹun.”

Mo se ìrẹsì, mo bu tirẹ̀ náà fún un. Ó jẹ ẹ́ tán pátápátá, ó fi ṣíbí ha ìsàlẹ̀ abọ́. Èmi fi díẹ̀ sílẹ̀ nínú tèmi. Ó béèrè bóyá ara mi kò yá. Mo ṣàlàyé fún un pé níbi tí wọ́n bí mi sí, àgbà kì í jẹ àjẹtán. Ẹni tó máa fọ abọ́ gbọ́dọ̀ bá nǹkan nínú rẹ̀. Àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun náà ni yóò ru igbá rẹ̀ dé ilé.

Ó wo abọ́ mi, ó wo inú ilé tó ṣófo, ó ní ta ló máa wá fọ abọ́ yìí.

Mo dìde, mo pe jíjẹun mi níwájú pátákó, mo pa ètè dé. Ó funfun.

“Ó ku mẹ́ta,” ni pátákó wí.

Pyo ní kí n kúkú lọ ká mẹ́ta yẹn, pé ọkọ̀ ní wákàtí kan létí omi. Mo bi í bóyá kò mọ ohun tó ń jẹ́ oúnjẹ kachi ni. Kachi, ẹyẹ dúdú aláyà funfun kan ni, àbúrò kannakánná gan-an ni. Kò mọ̀ ọ́n. Orí àjà kejìdínláàádọ́ta ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, inú ọ̀rá ló ti mọ gam. Bí èmi, ọmọ Ìlárá, ṣe kọ́ ọmọ Kòríà ní àṣà bàbá rẹ̀ nìyẹn.

Mo sọ ìtìjú mi fún un. Lọ́dún méjì sẹ́yìn, nígbà tí igi so kẹ́yìn, mo fẹ́ fi hàn Halimoni pé ọ̀lẹ kọ́ ni mí. Mo gun igi náà dé ṣóńṣó, mo ká gbogbo rẹ̀, n kò fi ẹyọ kan sílẹ̀. Mo gbé apẹ̀rẹ̀ wọlé, mò ń retí kí ó yìn mí. Ìyá náà jáde, ó fi ọ̀pá rẹ̀ gbéra, ó wo igi títí. Kò jágbe mọ́ mi. Ó wọlé, ó mú òwú pupa tó fi ń rán ẹní jáde, ó ṣa gam mẹ́ta tó tóbi jù nínú apẹ̀rẹ̀, ó ní kí n tún gùn ún. Mo gùn ún. Ó dúró nísàlẹ̀ nínú òtútù, ó ń fi ọ̀pá júwe ẹ̀ka fún mi, mo sì fi òwú so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà sórí igi tí mo ti já wọn.

“Tí yìnyín bá bọ́,” ni Halimoni wí fún mi lọ́jọ́ náà, “ẹyẹ á kọjá lókè. Tí kò bá rí nǹkan kan, á rò pé ẹni burúkú ló ń gbé ibí yìí.”

Pyo gbọ́ ọ, ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. Mo bi í bóyá kò lè fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé iṣẹ́ ti parí. Ó ní pátákó kò mọ ọwọ́ òun, eṣinṣin ló mọ̀. Mo ní bí mo bá ká a ńkọ́, tí pátákó funfun, tí mo wá so ó padà bíi ti ìgbà yẹn?

“Ẹ̀gbà ọwọ́ yín kò ní ṣí àfi tí ọkọ̀ bá ti kúrò létí omi,” ó ní. “Tí ẹ bá so ó padà, eṣinṣin á rí yín. Pátákó á kọ ìlà tuntun. Ìlà tuntun, ó di ọkọ̀ àmọ́dún nìyẹn, Ajumoni.”

Mo jáde lọ bá igi. Àkàbà ṣì wà níbẹ̀. Ewé kankan kò sí lára igi náà mọ́, ẹ̀ka dúdú lásán ni, àti mẹ́ta yẹn lókè, pupa bí ẹyin iná. Ibẹ̀ ni inú ti bí mi. Mo wá ń rò ó pé obìnrin yìí mọ̀. Ó mọ̀ pé igi yìí máa ń fi ọdún kan sinmi. Ó mọ̀ pé ẹni tí òun bá ti kọ́ ní ti òwú pupa, kò ní lè ká igi yìí tán láé. Nínú gbogbo ohun tó wà láyé, ó wá lọ fi èyí ṣe ìlà. Ó fẹ́ kí iná máa tàn nínú ilé òun. Ó fi gam dè mí mọ́lẹ̀ bí ẹni so ewúrẹ́.

“Halimoni,” mo ní, mo sì pariwo rẹ̀ kí òkun lè gbọ́, “o mọ̀. O mọ̀ pé mo bímọ.”

Òkè gbé ohùn mi, ó dá a padà fún mi. Oṣù mẹ́rìnlá, ohùn ara mi ni gbogbo àlejò tí mo gbà.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń bú u, mo ń rántí pé ìyá tó so ìlà yìí náà ló so ìlà oúnjẹ mi. Ó ṣeé ṣe kí ó dè mí. Ó sì ṣeé ṣe kí ó kàn ka ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ bí ó ṣe ń bọ̀: fọ ìkòkò, bẹ Sunja, ká gam, fún ọmọ yìí lóúnjẹ. Òkú kì í wá sọ èyí tó jẹ́. Èmi ni mo wà lórí ilẹ̀, èmi ni màá yàn.

Ọkọ̀ fọn fèrè lẹ́ẹ̀kan. Mo gun igi.

Mo ká èkíní. Mo ká èkejì. Ní ti ẹ̀kẹta, ọwọ́ mi dúró lórí rẹ̀. Láti òkè ibẹ̀, mo rí gbogbo ilé mẹ́tàlélógún tí wọ́n ti lẹ̀ pa, àwọn igi tó wà lẹ́yìn wọn, kò sì sí èso kan ṣoṣo lórí èyíkéyìí nínú wọn. Gbogbo wọn ni ẹni tó kẹ́yìn níbẹ̀ ti ká tán kí ọkọ̀ tó lè gbé e, kò sì sí ẹni tó ń tọ́jú wọn mọ́ kí wọ́n tún so. Mi ò ní purọ́ fún yín, mo sunkún. Mo ronú ọmọ tí wọn kò tíì bí, bí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe máa gbóná tó lórí itan mi. Mo já a.

Mo wọlé, mo dúró níwájú pátákó. “Gam tamu,” mo ní. Ètè mi pàdé.

Ìlà náà funfun. Gbogbo ara pátákó funfun, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni ń ka orúkọ oògùn, iná inú rẹ̀ sì kú. Ibi tó wà lára ògiri wá dà bí ibi tí wọ́n ti yọ àwòrán kúrò. N kò mọ̀ pé mo máa gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀. Ohun tí mò ń bú láràárọ̀ ti lọ, ilé sì tóbi lójijì.

Pyo ti gbé àpò mi síta. Mo fi gam mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lé e lọ́wọ́, mo fi òwú pupa lé wọn lórí.

“Gùn ún,” mo ní.

Ó wò mí. Ó ní orúnkún òun kò dára.

“Tèmi náà kò dára, ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi gùn ún. Ìwọ kò ní ẹ̀gbà lọ́wọ́. Kò sí eṣinṣin tó ń ṣọ́ ọ. Ilé nìkan lẹ máa ń lẹ̀ pa, ẹ kì í lẹ igi. Bọ́ kóòtù yẹn kó má baà kọ́ ẹ̀ka. So wọ́n sókè dáadáa, kì í ṣe ibi tí ọwọ́ bá dé. Tí o bá sọ̀ kalẹ̀ kí o tó so ẹ̀kẹta, màá mọ̀.”

Kò sí bí mo ṣe lè mọ̀. Àwa méjèèjì mọ bẹ́ẹ̀. Mo wá gbọ́ ara mi, bí mo ṣe ń pàṣẹ fún òṣìṣẹ́ ìjọba bí ẹni ń lé ọmọ lọ sódò, mo sì ní kó má bínú, pé bí mo ṣe kọ́ èdè yín nìyẹn.

“Ẹ má yí i padà,” ni Pyo wí. Ó ń wo bàtà rẹ̀. “Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, ẹnikẹ́ni kò bá mi sọ̀rọ̀ báyìí mọ́.”

Ọkọ̀ fọn fèrè lẹ́ẹ̀kejì. Mo gbé àpò mi sókè, mo sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí omi, n kò wẹ̀yìn, nítorí bí mo bá wẹ̀yìn, màá padà lọ fọ abọ́ tí mo fi sílẹ̀.

Èmi nìkan ni mo wà nínú ọkọ̀. Ó yí ara rẹ̀ kúrò létí òkúta, ẹ̀gbà ọwọ́ mi dún kín, ó ṣí, ó bọ́ sílẹ̀. Ibi tó wà lára mi fún ọdún mọ́kànlá funfun bí ikùn ẹja. Eṣinṣin fò yíká ẹ̀gbà náà nílẹ̀, ó bà lé e, kò dìde mọ́.

Nígbà náà ni mo tó wẹ̀yìn. Ilé Halimoni ti kéré bí àpótí ìṣáná. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú igi dúdú yẹn, nǹkan kan ń rìn bí ìjàpá tó gun ọ̀pẹ. Pyo ni. Kò tilẹ̀ bọ́ kóòtù náà, alágídí. Ó ń na apá, ó ń dúró, ó tún ń na apá. Mo rí ẹyin iná kan tó tàn lórí ẹ̀ka òsì. Ó pẹ́ gan-an, mo rò pé ó ti ṣubú. Mo wá rí èkejì, lókè síi, níbi tí Halimoni fi ọ̀pá júwe fún mi.

Ọkọ̀ kọ̀yìn sí i, ó yí àpáta ńlá tó wà níwájú erékùṣù náà po. Mo sáré lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Àpáta nìkan ni mo rí.

Fóònù mi dún. Tẹniọlá ni. Ó béèrè bóyá mo ti kúrò níbẹ̀ lóòótọ́, mo ní mo ti kúrò, mo ti wà lójú omi. Kò sọ “mà” mọ́. Ó pariwo pe Mojíbádé, mo sì gbọ́ tí àwo kan fọ́ lọ́wọ́ ẹnì kan ní Ìlárá. Nígbà tó padà sórí fóònù, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó ní ṣé gbogbo iṣẹ́ ìyá yẹn ti wá parí báyìí.

Mo ń wo àpáta náà títí ìkùukùu fi bò ó.

“Ó ku ẹyọ kan,” mo ní.